Páálọ̀ Warri àti Àga Àwọn Àgbà

Ní Warri ìgbà tí owó epo rọ̀bì dé, páálọ̀ ni wọ́n fi ń mọ bí ilé ṣe rí. Yàrá kan àti páálọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé ní Okere, ní Igbudu, ní Okumagba àti ní apá Pessu, páálọ̀ ọ̀hún kì í sì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 10 lọ. Inú àyè tó há gádígádí yẹn ni àga ńlá mẹ́rin, tábìlì àárín, sítúùlù mẹ́rin, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì àti redíógíráàmù ń gbé, tí àlejò á fẹ̀gbẹ́ wọlé kó tó ráyè jókòó. Púpọ̀ nínú àwọn ẹrù wọ̀nyẹn ti lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù wà lọ́wọ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ, páálọ̀ tiwọn náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ti àwọn tó bí wọn lọ. Iṣẹ́ tó délẹ̀ báyìí ni bí wọn yóò ṣe tún yàrá kékeré tò yí ẹyọ kan tàbí méjì nínú ẹrù àtijọ́ ká, tí yàrá náà kò ní di ilé ìkẹ́rùsí.

Kí àga máa sọ ìtàn onílé, kò bẹ̀rẹ̀ lórí epo rọ̀bì. Láyé tí àwọn oníṣòwò Itsekiri ń ta epo pupa fún òyìnbó lójú Odò Benin, dígí ńlá, àga àti àwo tánganran wà lára ohun tí ọkọ̀ òyìnbó ń kó wá. Ilé kan tó ṣì ṣeé fojú rí láti ìgbà wọ̀nyẹn ni ti Nana Olomu, ọ̀kan lára àwọn oníṣòwò náà, ní ìlú Koko. Àwọn ọmọ ogun Ìlú Ọba fọ́ Ebrohimi, ìlú rẹ̀, ní 1894, wọ́n lé e lọ sí Calabar, lẹ́yìn náà sí Accra. Nígbà tó padà dé ní 1906, Koko ló kọ́ ilé sí, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní 1916. Ilé náà ti di musíọ́mù, ẹrù rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wá àpẹẹrẹ yàrá tí wọ́n tò yí ẹrù olóògbé ká, kò sí ìdí tó fi yẹ kó kọjá Koko.

Ní ìgboro Warri gan-an, àga ìjọba ló kọ́kọ́ gbilẹ̀. Warri ni ibùjókòó ẹkùn tí wọ́n ń pè ní Warri Province, tó di Delta Province ní 1952, Ìbàdàn sì ni àṣẹ ti ń wá títí wọ́n fi yọ Mid-West kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kẹjọ ọdún 1963. Akọ̀wé, tíṣà àti wolé-wolé láti ilẹ̀ Yorùbá ń ṣiṣẹ́ ní Warri nígbà náà, àwọn mìíràn bímọ síbẹ̀, wọn kò sì padà mọ́. Ilé tí ìjọba bá fún òṣìṣẹ́ máa ń ní àga tirẹ̀, èyí tí ẹ̀ka iṣẹ́ òde, PWD, ṣe: ẹ̀yìn tó dà sẹ́yìn díẹ̀, apá tó fẹ̀ débi pé ife tíì lè dúró lórí rẹ̀, àti tìmùtìmù méjì tó ṣeé yọ, tí wọ́n fi òwú àràbà kún inú wọn. Nígbà tí òmìnira dé tí òyìnbó ń palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n lu ohun tí wọn kò lè kó lọ ní gbàǹjo. Akọ̀wé tó bá rí àga méjì rà níbẹ̀ ti rí ohun tí yóò fi yangàn títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Àwọn káfíńtà ìgboro náà kò kẹ̀rẹ̀. Wọ́n wo àga gbàǹjo dáadáa, wọ́n wọn apá, wọ́n wọn ẹsẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ kún ìlú.

Igi kò jìnnà sí wọn. Sapele, tó wà ní nǹkan bí 50 kìlómítà sí Warri, ni ilé-iṣẹ́ African Timber and Plywood wà nígbà náà, èyí tí ilé-iṣẹ́ UAC ní, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí AT&P. Orí omi ni ìtì igi ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á là á, wọ́n á sì bó òmíràn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti fi ṣe páíwúùdù. Orúkọ ìlú yẹn ni gbogbo ayé fi ń pe igi sapele, tí wọ́n ń fi ṣe gìtá àti ilẹ̀kùn lókè òkun títí dòní. Káfíńtà Warri ń rí sapele, ọ̀gànwó àti ìrókò rà bí ẹni ń ra iṣu lọ́jà. Oníbàárà tí apá rẹ̀ kò ká a, á ní kí wọ́n fi arère ṣe tòun, igi funfun tó fúyẹ́, tí ayùn kì í bá jà. Èyí ló yẹ kéèyàn fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé iṣẹ́ káfíńtà àtijọ́ dára ju ti ìsinsìnyí lọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Ikán ti jẹ èyí tí kò dára tán láti ọjọ́ pípẹ́, ìrókò àti ọ̀gànwó nìkan ló kù láti jẹ́rìí.

Owó epo ló wá wú àga. Nígbà tí iye owó epo fò sókè láàárín 1973 sí 1974, ìjọba gba àbá ìgbìmọ̀ Udoji lórí owó oṣù, àjẹẹ́lẹ̀ sì já sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Ní Warri, kò tán síbẹ̀. Ilé ìfọpo Ekpan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, ilé-iṣẹ́ irin Ovwian-Aladja tẹ̀lé e ní 1982, Shell wà ní Ogunu, àwọn kọ́ńtírákítọ̀ sì ń wọ́ wá láti ibi gbogbo. Páálọ̀ ni púpọ̀ nínú owó yẹn balẹ̀ sí. Àga PWD bọ́ kúrò lójú ọpọ́n, wọ́n gbé e lọ sí yàrá tàbí sí ẹ̀yìnkùlé, sẹ́ẹ̀tì ńlá onífóòmù tí wọ́n fi rẹ́síìnì tàbí àrán bò sì gba ipò rẹ̀: ẹlẹ́ni-mẹ́ta kan, ẹlẹ́ni-méjì kan, ẹlẹ́nìkan méjì. Fóòmù fúnra rẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń ṣe nílé. Vitafoam ti wà ní Nàìjíríà láti 1962. Sẹ́ẹ̀tì yìí tóbi ju yàrá lọ, gbogbo èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bìkítà.

Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà páálọ̀ ìgbà náà, room divider, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì yẹn, ni yóò kọ́kọ́ rí. Ó ga fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Àárín rẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n wà, pẹ̀lú ilẹ̀kùn méjì àti kọ́kọ́rọ́ tí ìyá ilé máa ń so mọ́ etí ìró. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, àwọn àwo tí ẹnikẹ́ni kì í fi jẹun sì tò síbẹ̀, pẹ̀lú ife etí góòlù, òdòdó ọlọ́rọ̀ọ́bà àti bèbí tí wọn kò yọ nínú ọ̀rá rí. Dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ ni ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, rìsíìtì owó orí àti ìwé ilẹ̀ wà. Ilẹ̀ yàrá jẹ́ sìmẹ́ńtì pupa tí wọ́n fi Mansion pọ́líìṣì nù títí ó fi ń kọ mọ̀nà, ọmọ tó bá sáré wọlé á yọ̀ ṣubú. Ìdajì ògiri láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀dà olóròóró kùn, nítorí ọwọ́ ọmọdé àti òróró orí àlejò. Nítorí òróró orí yẹn kan náà ni aṣọ kóróṣè onísítáàṣì fi wà lẹ́yìn àga kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò àwọn àgbà wà lókè pátápátá lábẹ́ àjà, wọ́n tẹ orí wọn síwájú, wọ́n ń wo ẹni tó ń jẹun nísàlẹ̀. Káléńdà ìjọ àti ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wà láàárín wọn, ti ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lórí ara wọn, torí kò sẹ́ni tó ń já káléńdà tó ní fọ́tò ọba.

Redíógíráàmù ní igun tirẹ̀, aṣọ wà lórí rẹ̀. Àwo orin Victor Uwaifo àti ti I. K. Dairo wà nínú ilé Yorùbá àti ilé Urhobo bákan náà. Ti Okpan Arhibo wà ní ilé Urhobo ju ibòmíràn lọ. Àga bàbá nìyẹn nítòsí fèrèsé louvre, ó dojú kọ ilẹ̀kùn, sítúùlù kan sì wà lápá ọ̀tún rẹ̀ fún ìwé ìròyìn àti ife. Ọmọ tó bá jókòó síbẹ̀ kì í dúró kí wọ́n lé òun; bó bá ti gbọ́ ikọ́ bàbá níta, ó ti dìde. Ibi tí ọwọ́ bàbá máa ń sinmi sí lórí apá àga náà dán ju ibi yòókù lọ, fáníìṣì ti ṣí níbẹ̀, igi sì ti ṣókùnkùn.

Ìparí ìgbà náà kò pẹ́ ní sísọ. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rò pé àwọn á pààrọ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún di ti ayérayé. Fóòmù tẹ́, rẹ́síìnì bó, wọ́n fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì bò ó. Lẹ́yìn náà ni rògbòdìyàn láàárín àwọn ẹ̀yà bẹ́ sílẹ̀ ní Warri ní 1997, ó tún rú ní 1999 àti 2003. Àga kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé sá. Àdúgbò tí iná ràn, tòun ti ẹrù inú ilé ni. Ìdí nìyí tí ìdílé mìíràn kò fi ní ju sítúùlù kan tàbí màṣíìnì ìránṣọ ìyá wọn lọ láti fi rántí odidi páálọ̀.

Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ mú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọ páálọ̀ tirẹ̀, yíyàn ló ṣòro jù. Nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 10, ẹyọ kan ṣoṣo ló lè jẹ́ olórí, òmíràn lè ràn án lọ́wọ́, ẹ̀kẹta ti di ìdíwọ́. Olórí yẹn kì í ṣe èyí tó wọ́n jù. Èyí tí gbogbo ilé lè sọ ìtàn rẹ̀ láìwo ẹnu ara wọn ni. Àga bàbá kì í sì í ṣe ti ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e. Àgbà nínú ọmọ ló ní ọ̀rọ̀ àkọ́sọ, àbúrò á sì rọra: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àga Bàbá máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ̀yin ẹ mú redíógíráàmù.” Bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀ nìyẹn, bí kò bá di ẹjọ́.

Kí wọ́n tó gbé ohunkóhun, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Àga PWD fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀, ó sì gba bíi 3 láti iwájú dé ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ilé ìyágbé kò fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káfíńtà tó mọṣẹ́ á fi ṣọ́ọ̀kì ya ìdí àga, ìdí tábìlì àti ojú ọ̀nà sórí ilẹ̀ yàrá tó ṣófo, onílé á sì rìn láàárín wọn. Ibi tí èèyàn ń gbà kọjá kò gbọdọ̀ dín ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Bó bá dín, ohun kan gbọ́dọ̀ jáde, kó má sì jẹ́ olórí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n ti gbogbo àga mọ́ ògiri bíi ti ilé ìpàdé. Àga àtijọ́ kan tó dúró ní igun lẹ́bàá fèrèsé, tó yí díẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń wo àárín yàrá àti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà, ń fi ara rẹ̀ hàn láìpariwo. Èyí tó dojú kọ tẹlifíṣọ̀n tààrà ti di ìjókòó lásán.

Àtúnṣe àga náà ní ètò tirẹ̀. Tìmùtìmù ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ, wọ́n á sì dojú àga délẹ̀ láti wo abẹ́ rẹ̀. Bí lẹ́búlẹ́bú bá ń jábọ́ láti inú ihò kéékèèké, kòkòrò ajẹgi ṣì wà nínú rẹ̀, ìta ni kí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ kó tó bá igi mìíràn gbé. Solignum ń pa á, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kì í tètè lọ, ó sì ń yí àwọ̀ igi padà, torí náà inú àti abẹ́ tí ojú kò tó ni wọ́n ń fi í sí. Àga àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣó. Ẹnu igi kan ni wọ́n gé tínrín wọnú ihò igi kejì, lẹ́ẹ̀ sì mú wọn pọ̀. Ibi tó bá ń mì, kí wọ́n tú u, kí wọ́n ha lẹ́ẹ̀ gbígbẹ kúrò, kí wọ́n fi tuntun dì í, kí wọ́n sì so ó mọ́ra títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹni tó bá kan ìṣó mọ́ ọn nítorí ìkánjú ti dá ojú ìlà sílẹ̀ fún igi láti là.

Ní ti ojú igi, àfọ́kù gíláàsì ni àwọn àgbà káfíńtà fi ń ha fáníìṣì àtijọ́ kúrò, ó sì ń ṣiṣẹ́ náà ní mímọ́ ju ẹ̀rọ lọ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Sáńpépà tẹ̀lé e, èyí tó le kó tó kan èyí tó kúná. Lẹ́yìn náà ni shellac tí wọ́n pò mọ́ sípíríìtì, tí wọ́n ń fi àkísà rírọ̀ nù ún sí i lára léraléra. Ibi tí ọwọ́ bàbá sọ di dúdú lórí apá àga, kí sáńpépà má dé ibẹ̀; pọ́líìṣì ni kó gbà lórí bó ṣe wà. Àṣà tuntun tó ti wọ ìlú ni kí wọ́n kun irú àga yìí ní funfun tàbí dúdú kó lè bá tẹlifíṣọ̀n mu. Ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ọ̀gànwó. Ẹni tó bá fẹ́ àga funfun, kó ra arère.

Tìmùtìmù tuntun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ tó dára jẹ́. Òwú àràbà ti di pẹlẹbẹ, wọ́n á sì ra fóòmù tó nípọn jù, tí ìjókòó á fi ga, tí apá àga á fi rẹlẹ̀ sí ìgúnwọ́, tí ẹsẹ̀ ẹni kúkúrú kò ní kanlẹ̀ mọ́. Fóòmù líle tó nípọn tó ínǹṣì 4 ti tó fún àga PWD. Aṣọ tí wọ́n ń fi bò ó tún wà nínú ọ̀rọ̀. Joojì ìyá, èyí tí àwọn obìnrin Warri ń ró lọ síbi ìnáwó, máa ń wu ọmọ láti fi bo ìjókòó. Ó rẹwà, kò sì lè pẹ́: ìdí èèyàn á ya á láàárín ọdún díẹ̀. Kí wọ́n fi í rán ìrọ̀rí kékeré ẹ̀yìn, kí aṣọ líle aláwọ̀ kan ṣoṣo wà nísàlẹ̀.

Room divider kò wọ yàrá kékeré òde òní, ká sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣeé gé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ní dúrọ́ọ̀ lè dá dúró bíi kọ́bọ́ọ̀dù kúkúrú lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, èyí tó wà lókè á sì lọ. Màṣíìnì Singer tún rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹsẹ̀ irin rẹ̀, tòun ti ibi ìtẹ̀sẹ̀, lè gbé pákó ìrókò kan, kó di tábìlì ẹ̀gbẹ́ tí àlejò kankan kò lè rí kó máà béèrè. Redíógíráàmù gba ìṣọ́ra. Bó bá jẹ́ ti ìgbà gílóòbù, iná lè ṣì wà ní ìpamọ́ nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ wáyà rẹ̀, oníṣẹ́ rédíò ni kó tú inú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ sọ ọ́ di kọ́bọ́ọ̀dù ìgò, kí wọ́n fi ibi tí àwo orin ń yí sílẹ̀; láìsí i, àpótí lásán ni.

Àga tí yóò bá olórí gbé kò gbọdọ̀ bá a dọ́gba. Èyí ni kò tíì wọ ọ̀pọ̀ èèyàn létí, torí sẹ́ẹ̀tì ti di ẹ̀rí pé owó wà nílé. Àga pankẹ́rẹ́ méjì dára. Inú igbó àbàtà ilẹ̀ Delta ni pankẹ́rẹ́ ti ń hù, àga rẹ̀ fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, kì í sì í bá igi dúdú jà. Sítúùlù méjì nínú mẹ́rin ti tó. Ògiri fẹ́ àwọ̀ fífúyẹ́, kírímù tàbí funfun tó rọ̀, nítorí sapele àti ọ̀gànwó máa ń mu ìmọ́lẹ̀. Fọ́tò àwọn àgbà, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti abẹ́ àjà wá sí ibi tí ojú ẹni tó dúró lè bá a pàdé, méjì tàbí mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kí páálí wà láàárín fọ́tò àti gíláàsì, torí ọ̀rinrin máa ń lẹ̀ wọ́n pọ̀, fọ́tò tó bá sì ti lẹ̀ kì í jáde ní odindi.

Ọ̀rinrin yẹn ni ọ̀tá tó kù. Òjò Warri lọ́dún ju 2,500 mílímítà lọ, omi sì ń gba ìsàlẹ̀ ògiri gòkè nínú ọ̀pọ̀ ilé tó sún mọ́ odò. Kí ìka mẹ́ta wà láàárín ẹ̀yìn àga àti ògiri, kí rọ́bà pẹlẹbẹ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí oòrùn ọ̀sán má sì máa gún un tààrà láti fèrèsé, nítorí igi tó ń mu omi lóru tó ń gbẹ lọ́sàn-án kì í pẹ́ tó fi ń là. Nígbà ẹ̀rùn, kí wọ́n fi pọ́líìṣì díẹ̀ nù ún lẹ́ẹ̀kan. Ẹrù tí kò rí àyè nínú gbogbo èyí, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tàbí ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o lọ sí ilé abúlé, níbi tí páálọ̀ ti fẹ̀, tí sẹ́ẹ̀tì ọlọ́rẹ́síìnì tòun ti ẹlẹ́ni-mẹ́ta rẹ̀ ṣì wúlò fún ìpàdé ẹbí.